Gígùn Bọ́ọ̀lù Kan

Ìka àárín ọwọ́ ọ̀tún mi ni mo fi mọ ohun tí sẹ́ńtà ń ṣe nínú bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ikọ̀ ilé ìwé rẹ̀ nígbà náà. Ó ní kí n wá dúró lẹ́yìn òun ní ẹ̀yìnkùlé, kí n la ọwọ́ méjèèjì, kí n máa gba bọ́ọ̀lù tí òun bá sọ sẹ́yìn láàárín ẹsẹ̀ òun. Èmi tí mo gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ lórí pápá eléruku títí irùngbọ̀n fi hù lágbọ̀n mi, kí ló kù tí n ó bẹ̀rù? Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tiwọn kì í ṣe róbótó. Ó gùn, ó ṣe ṣóńṣó lórí, ó ṣe ṣóńṣó nídìí. Ẹ̀ẹ̀kẹta tó sọ ọ́, ṣóńṣó rẹ̀ ló bá orí ìka mi. Mo pariwo, mo ké pe ìyá mi. Ó yíjú, ó ní: "Dádì, ẹ dijú ni. Ẹ má dijú mọ́."

Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń gbé ní Massachusetts, n kò sì ka eré náà kún. Nígbà tí màmá mi wá kí wa, wọ́n jókòó wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n fún bí ogún ìṣẹ́jú, wọ́n wá bi mí pé ìjà wo ni wọ́n ń jà tí wọ́n ń sinmi tó báyìí. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Wọ́n á kọlu ara wọn fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin márùn-ún, wọ́n á dúró, wọ́n á fi orí korí sọ̀rọ̀, wọ́n á tún tò. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tò, ọwọ́ sẹ́ńtà ni bọ́ọ̀lù wà. Òun ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárín ìlà, tí orí rẹ̀ kọjú sí orí ọ̀tá. Kò sí ohun tó lè ṣẹlẹ̀ títí yóò fi tú u sílẹ̀. Bó bá sì ti tú u sílẹ̀ báyìí, ẹni tó sanra jù nínú àwọn ará ọ̀hún ti wó lù ú, nígbà tí ọwọ́ tirẹ̀ ṣì wà láàárín ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ohun tó ń dun ọmọ mi ni pé kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ òun. Ó ní bí nǹkan bá dára, ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù sá wọlé ni gbogbo èèyàn ń pariwo rẹ̀. Bí òun bá sọ ọ́ wọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo pápá á mọ̀ pé òun ni. Mo sọ fún un pé bí ọ̀rọ̀ gúdúgúdú ṣe rí náà nìyẹn: ìyáàlù ni wọ́n ń ná owó fún, ṣùgbọ́n jẹ́ kí gúdúgúdú dákẹ́ ná, kó o wo bí ijó yóò ṣe dàrú. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo bàbá àgbàlagbà. Ló bá di pé mo lọ ń wá sẹ́ńtà kan fún un tí orúkọ rẹ̀ kò parẹ́. Èyí tí mo rí, n kò tíì lè gbé e kúrò lọ́kàn láti ìgbà náà.

William Henry Lewis ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i lọ́jọ́ 28 oṣù kọkànlá ọdún 1868 ní Berkley, ní ìpínlẹ̀ Virginia, ìlú kékeré tó ti di ara Norfolk báyìí. Ọdún mẹ́ta péré ni ogun abẹ́lé ti parí. Ẹrú ni àwọn òbí rẹ̀ kí òmìnira tó dé. Bàbá rẹ̀ di àlùfáà ìjọ Onítẹ̀bọmi. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú tó wà ní Petersburg ló kọ́kọ́ lọ, èyí tó di Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Virginia lónìí. John Mercer Langston ló ń darí ibẹ̀, ọkùnrin tó wá di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí Virginia dìbò rán lọ sí ilé aṣòfin ní Washington. Langston rí i pé ọmọ náà ní orí, ó sì bá a wá ọ̀nà. Ní ọdún 1888, Lewis àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ William Tecumseh Sherman Jackson bọ́ sí Amherst, kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn òyìnbó kan tó wà ní ìwọ̀ oòrùn Massachusetts.

Mo ti wakọ̀ gba Amherst kọjá ju ìgbà márùn-ún lọ. Bí òtútù bá mú níbẹ̀, afẹ́fẹ́ orí òkè náà á gba inú kóòtù wọlé bí ẹni ní kọ́kọ́rọ́. Mo ń rò ó pé ọmọ Virginia, tí kò rí irú òtútù bẹ́ẹ̀ rí, ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí koríko dídì yẹn, tí àwọn ọmọ olówó yí i ká. Ní ọdún 1891, àwọn ọmọ olówó kan náà fi í ṣe balógun ikọ̀ wọn. Nígbà tí wọ́n ṣetán ní 1892, òun náà ni wọ́n ní kó wá sọ̀rọ̀ lórúkọ ẹgbẹ́ wọn. W. E. B. Du Bois, òǹkọ̀wé aláwọ̀ dúdú olókìkí ọjọ́ iwájú, tó ń kàwé ní Harvard nígbà náà, wà lára àwọn tó wá láti Boston wá wò wọ́n. Kì í ṣe Lewis àti Jackson nìkan ló gboyè lọ́jọ́ náà o. Ẹnì kẹta wọn ni George Washington Forbes. Ẹ bá mi di orúkọ Forbes yìí mú, a ó padà sí i.

Harvard ló gbà á láti kọ́ òfin. Nígbà náà, kò sí òfin tó sọ pé ẹni tó ti gboyè kò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ní ibòmíràn, nítorí náà Lewis kó bàtà rẹ̀ dání. Ọdún méjì ló fi ṣe sẹ́ńtà Harvard, 1892 àti 1893, ọdún méjèèjì náà ni Walter Camp sì mú un sínú àṣàyàn ikọ̀ gbogbo Amẹ́ríkà. Aláwọ̀ dúdú kankan kò dé ibẹ̀ rí. Camp yìí, ará Yale ni, orogún Harvard, òun sì ni wọ́n ń pè ní bàbá eré náà. Kò sí ìdí tó fi yẹ kó ṣojú rere sí sẹ́ńtà Harvard. Ohun tó tún jẹ́ kó jọ mí lójú ni ìwọ̀n rẹ̀: bíi pọ́ùn 175 péré, èyí tí kò tó kílò 80. Ọmọ mi fi díẹ̀ jù ú lọ! Níbi tí àwọn mìíràn ti ń fi ara wọ́lẹ̀ bí akọ màlúù, ìyára àti àròjinlẹ̀ ni Lewis ń lò. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ó kúrò lórí pápá, tí balógun Harvard ti fara pa, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kó jẹ́ balógun fún ìdíje tó gbẹ̀yìn.

Eré wo ni wọ́n ń gbá nígbà náà? Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan hàn yín. Oṣù kọkànlá ọdún 1892, Harvard àti Yale pàdé ní Springfield. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Lorin Deland, ẹni tí kò gbá bọ́ọ̀lù rí láyé rẹ̀, àmọ́ tó fẹ́ràn ṣẹ́ẹ̀sì àti ìtàn ogun Napoleon. Ó gbé ète kan fún Harvard. Bí ìdajì kejì ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ Harvard pín sí ọ̀nà méjì, wọ́n lọ dúró jìnnà sẹ́yìn. Balógun wọn nìkan ló wà lórí bọ́ọ̀lù. Ó juwọ́. Apá méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré bọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n pàdé níwájú, wọ́n di ẹnu àáké kan, ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù sì fara pa mọ́ sáàárín wọn. Gbogbo ẹnu àáké yẹn wọ àwọn Yale tó dúró lójú kan. Kò sí àṣíborí gidi lórí ẹnikẹ́ni. Lewis wà nínú ikọ̀ Harvard yẹn. Yale ló padà borí, 6 sí òdo, ṣùgbọ́n láàárín ọdún kan gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì ti ń ṣe é, egungun sì ń kán káàkiri. Ní 1894 ni wọ́n fòfin dè é.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ sí Lewis ní 1893 tí kò kan bọ́ọ̀lù, àmọ́ tó kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Ó lọ gé irun ní Cambridge, onígbàjámọ̀ náà ní òun kò ní gé e nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ìlú tí wọ́n ti ń pa àtẹ́wọ́ fún un lọ́sàn-án Sátidé rèé o. Kí n sọ tèmi náà. Oṣù kejì tí mo dé ìpínlẹ̀ yìí, mo wọ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan tó sún mọ́ ilé. Ọkùnrin náà wo orí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò mọ irun wa gé. Kò bú mi. Ó tilẹ̀ júwe ibòmíràn fún mi, ìrìn ogójì ìṣẹ́jú nínú bọ́ọ̀sì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀! Ìdúpẹ́ yẹn ló ń dùn mí títí dòní. Lewis kò dúpẹ́. Òun àti agbẹjọ́rò kan tó ń jẹ́ Butler Wilson gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, wọ́n sì tún òfin Massachusetts ṣe lọ́dún náà kí ó lè dé ọ̀dọ̀ àwọn onígbàjámọ̀ àti àwọn tó ń ṣòwò fún gbogbo èèyàn. Akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ni.

Ó gboyè òfin ní 1895. Láti ọdún náà títí di 1906, ó ń kọ́ àwọn ọmọ Harvard ní bọ́ọ̀lù, pàápàá ìlà iwájú àti bí wọ́n ṣe ń dáàbò bo ilé. Kò sí aláwọ̀ dúdú mìíràn tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ní irú ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ní gbogbo àkókò yẹn, Harvard borí nínú ìdíje tó ju ọgọ́rùn-ún lọ. Ní 1896 ó ṣe ìwé kan jáde fún àwọn ọmọkùnrin tó fẹ́ mọ eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀, *A Primer of College Football*, láti ilé ìtẹ̀wé Harper. Inú rẹ̀ ni olúkúlùkù ipò ti ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀.

Síbẹ̀, wọn kò fi í ṣe olórí àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá. Nígbà tí Harvard fẹ́ san owó gidi ní 1905, Bill Reid ni wọ́n pè, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, wọ́n sì san 7,000 dọ́là fún un. Lewis ti lo ọdún mẹ́wàá lórí pápá yẹn. Reid kì í ṣe òpè, n kò sì ní bà á jẹ́ nítorí pé mo fẹ́ gbé ẹlòmíràn ga. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ka ọjọ́ orí àti owó yẹn pa pọ̀, mo rẹ́rìn-ín irú èyí tí a máa ń rín ní ibi iṣẹ́ bí wọ́n bá ní ká wá kọ́ ọ̀gá wa tuntun ní iṣẹ́.

Ọdún 1905 yẹn náà ni eré fẹ́ parẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ tó kú lórí pápá lọ́dún kan ṣoṣo lé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Charles Eliot, olórí Harvard, ti kórìíra eré náà tipẹ́, ó fẹ́ kí wọ́n pa á rẹ́. Ààrẹ Theodore Roosevelt, ọmọ Harvard, pe Harvard, Yale àti Princeton sí ilé ìjọba ní oṣù kẹwàá. Ọmọ tirẹ̀ gan-an wà nínú ikọ̀ ọdún àkọ́kọ́ ní Harvard. Camp dábàá pé kí wọ́n fẹ pápá kí àyè lè wà. Àmọ́ Harvard ti fi kọnkéré kọ́ pápá ìṣeré ńlá kan ní 1903, ògiri rẹ̀ kò sì ṣeé sún. Wọ́n wá gbà pé kí wọ́n máa ju bọ́ọ̀lù síwájú. Eré tí màmá mi wò lórí tẹlifíṣọ̀n, àti ibi tí bọ́ọ̀lù ti ń fò bí ẹyẹ, ọwọ́ ògiri kọnkéré ló ti jáde.

Ṣùgbọ́n àtúnṣe tó gbà mí lọ́kàn jù kò ga, kò fò. Kó tó di 1906, ìlà méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fi imú gbá imú. Kí bọ́ọ̀lù tó mì, ẹ̀ṣẹ́ ti ń lọ ní abẹ́ ibẹ̀, wọ́n ti ń tẹ ìka ara wọn, adarí ìdíje kò sì rí ibi tí ara ẹnì kan ti parí tí ti ẹlòmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Lewis ni wọ́n ń ka àbá náà sí lọ́rùn: kí àlàfo kan wà láàárín ìlà méjèèjì, kó gùn tó bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó, kí ẹnikẹ́ni yàtọ̀ sí sẹ́ńtà má sì ta ẹsẹ̀ tàbí orí wọ̀ ọ́ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Kò tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Sẹ́ńtà ló ronú irú èyí, nítorí orí rẹ̀ ló máa ń wà níbẹ̀. Òfin náà ṣì wà títí dòní.

Kò fi bọ́ọ̀lù jẹun ní gbogbo àkókò yìí. Ó wà ní ìgbìmọ̀ ìlú Cambridge, ó lo sáà kan ní ilé aṣòfin Massachusetts. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1903, Roosevelt fi í ṣe igbákejì agbẹjọ́rò ìjọba àpapọ̀ ní Boston. Booker T. Washington, aṣáájú aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ Tuskegee, ló ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn. Níbí ni ọ̀rọ̀ ti nípọn, nítorí ní ọdún díẹ̀ ṣáájú, Lewis wà lára àwọn ará Boston tó ń bu ẹnu àtẹ́ lu Washington pé ó ń tẹríba fún àwọn òyìnbó jù.

Ní oṣù keje ọdún náà, Washington wá sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Boston. William Monroe Trotter, tí òun àti Forbes, ọmọ Amherst ọjọ́sí, jọ dá ìwé ìròyìn *Guardian* sílẹ̀, kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá láti bi Washington ní ìbéèrè líle. Ariwo sọ, ìjà bẹ́, ọlọ́pàá mú Trotter, wọ́n sì jù ú sí ẹ̀wọ̀n. Ta ló jókòó sórí àga alága lálẹ́ ọjọ́ náà? William Henry Lewis ni.

Mo ti gbìyànjú láti bínú sí i. Ìbínú náà kì í pẹ́ lọ́wọ́ mi. Du Bois ló ń wù mí láti kà, Trotter ló sì ń wù mí pé kí n ní ọkàn rẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá wo ìwà tèmi lójú ayé, Lewis ni mo jọ. Bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa bàbá ẹni. Ó ń wá èèkù náà. Ohun tí mo ń bi í lójú oorun ni bóyá ó mọ ọjọ́ tí ọwọ́ tẹ̀ ẹ́.

Ààrẹ Taft yàn án sí ipò igbákejì agbẹjọ́rò àgbà fún gbogbo orílẹ̀-èdè, ilé aṣòfin àgbà sì fọwọ́ sí i ní 1911. Kò sí aláwọ̀ dúdú tó dé irú ipò yẹn rí nínú iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Lọ́dún náà ni ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò Amẹ́ríkà gbà á wọlé láìmọ̀ pé aláwọ̀ dúdú ni. Nígbà tí wọ́n mọ̀ ní 1912, ìgbìmọ̀ olùdarí wọn ní kó máa lọ. Àwọn mìíràn ní kó fúnra rẹ̀ kọ̀wé jáde, kí ìtìjú lè mọ níwọ̀n. Lewis kò jáde. Ẹni tí wọ́n ti ń wó lù láti ọdún 1888 kò ní tìtorí lẹ́tà dìde. Ọ̀gá rẹ̀, agbẹjọ́rò àgbà George Wickersham, kọ̀wé ránṣẹ́ sí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, bíi 4,700, ó sọ ojú abẹ níkòó. Wọ́n fi Lewis sílẹ̀, òun àti àwọn aláwọ̀ dúdú méjì mìíràn, tí Butler Wilson ọjọ́ onígbàjámọ̀ yẹn jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ní láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀yà tó ti wá. Wọ́n gbà á, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó ń tẹ̀lé e bọ̀.

Nígbà tí Woodrow Wilson di ààrẹ ní 1913, Lewis kúrò. Wilson náà ti bá wọn kọ́ ikọ̀ bọ́ọ̀lù rí o, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Wesleyan tó ti ṣe olùkọ́, ní nǹkan bí àkókò tí Lewis ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Amherst. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ nínú àwọn ọ́fíìsì ìjọba. Lewis padà sí Boston, ó ń gba ẹjọ́ rò. Ọmọ ọdún méjìléláàádọ́rin ni nígbà tó dìde gbèjà olóṣèlú kan, Daniel Coakley, tí àwọn aṣòfin Massachusetts fẹ́ yọ nípò ní 1941. Ọjọ́ kìíní ọdún 1949 ló kú. Ní 2009 ni wọ́n tó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ilé àwọn akọni bọ́ọ̀lù kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Mo sọ gbogbo èyí fún ọmọ mi nínú mọ́tò, ó gbọ́ ìdajì, ó ń jẹ ìdajì yòókù pẹ̀lú búrẹ́dì. Mo rò pé kò wọ̀ ọ́ létí. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó tún pè mí sí ẹ̀yìnkùlé. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ní kí n má dúró sẹ́yìn òun, kí n wá bẹ̀rẹ̀ níwájú òun, kí n ṣe bí ọ̀tá. Mo bẹ̀rẹ̀, eékún mi ké, ìka mi tó wú ń bẹ lórí koríko. Ó gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ láàárín àwa méjèèjì, ó wo ọwọ́ mi, ó gbé orí sókè.

"Dádì, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ ti wọnú àlàfo."

Mo sún.